Ìfaradà Yàtọ̀ sí Ìforítì: Àwọn Ọmọbìnrin Akọni nínú Ìtàn-Àròsọ fún Ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú èdè Yorùbá tí àwọn ènìyàn sábà máa ń lò bí ẹni pé ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní: ìfaradà àti ìforítì. Bí a bá tú wọn wò, a ó rí i pé wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó fara da ìyà, ara ni ó fi gbà á. Ohun tí ó bá wu ìyà náà ni yóò ṣe lára onítọ̀hún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó forí tì í, orí ni ó fi ń ti ohun tí ó dí ọ̀nà rẹ̀, orí kan náà tí ènìyàn fi ń ronú, tí Yorùbá sì gbà pé òun ni ìpín ẹni. Ọmọbìnrin ilẹ̀ Yorùbá a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ju èkejì lọ. Wọn a ní kí ó fara dà á nílé òbí, kí ó fara dà á níléèwé. Bí ó bá sì délé ọkọ, wọn a ní kí ó mú un mọ́ra kí ilé má baà tú. Sùúrù ni baba ìwà, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní sùúrù kò ju ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lọ.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá mú irú ìwé kan lọ́wọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún: ìtàn-àròsọ abàmì, àti ìtàn-àròsọ nípa ìlú tí ayé rẹ̀ ti dojú rú, èyí tí olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1962 ni Madeleine L'Engle, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé A Wrinkle in Time jáde, nínú èyí tí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Meg Murry ti lọ sí ayé mìíràn láti gba bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1995, Philip Pullman ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ Northern Lights, níbi tí Lyra ti tọ ipa àwọn ọmọ tí wọ́n jí gbé lọ sí ilẹ̀ yìnyín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Suzanne Collins tẹ The Hunger Games jáde ní 2008 ni irú ìwé yìí wá gba ìgboro kan. Bí a bá wo àwọn tí ó dára jù nínú wọn fínnífínní, a ó rí i pé ìfaradà kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin. Ìforítì ni wọ́n ń kọ́ ọ, wọn kò sì fi ohun tí ó máa ń ná ènìyàn pamọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí Katniss Everdeen, ọmọ ọdún 16, tí í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn The Hunger Games. Panem ni orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ilẹ̀ tí ó dìde lórí àwókù Àríwá Amẹ́ríkà. Olú-ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Capitol ni ó ń jẹ gàba lé àgbègbè 12 lórí; àgbègbè kejìlá, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, ni ilé Katniss wà. Lọ́dọọdún, àgbègbè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fa ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, láàárín ọmọ ọdún 12 sí 18. Àwọn 24 náà yóò máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ìlú yóò sì máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Collins ti ṣàlàyé pé ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì nípa Theseus wà lára ohun tí ó bí ìwé náà, ìtàn nípa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹranko abàmì kan fún ìjẹ. Ó tún ní ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òun ń yí tẹlifíṣọ̀n kiri, eré ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àti àwòrán ogun Ìráàkì dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú òun.

Ẹni tí ó bá yára ka ìwé náà lè rò pé ọfà tí Katniss mọ̀ ọ́n ta ni agbára rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ìbúgbàù pa bàbá rẹ̀ nínú ihò èédú, tí ìbànújẹ́ sì dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ débi pé kò lè tọ́jú ọmọ mọ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti di ìyá ilé. Ó ń wọ igbó tí òfin ní kò gbọdọ̀ wọ̀, ó ń pa ẹran, ó ń ṣa ewé jíjẹ, ó sì ń tà wọ́n ní ọjà fàyàwọ́. Ìjọba Panem náà ní ọgbọ́n burúkú kan. Ọmọ tí ebi ń pa lè gba ọkà àti òróró bí ó bá gbà kí wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn tí wọn yóò ṣẹ́ gègé lé lórí. Nítorí oúnjẹ ẹni mẹ́ta, orúkọ Katniss wọlé ní ìgbà 20 nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16. Ti Prim, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 12, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Síbẹ̀ Prim ni gègé mú. Katniss jáde, ó ní òun ni òun yóò lọ dípò rẹ̀.

Àwọn ará àgbègbè kejìlá ti fara da ìdíje yìí fún ohun tí ó ju 70 ọdún lọ. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sin òkú, wọ́n sì ń padà sídìí iṣẹ́. Katniss pẹ̀lú ìbá ti fara dà á bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun méjì tí ó ṣe nínú pápá ìdíje. Nígbà tí wọ́n pa Rue, ọmọ ọdún 12 láti àgbègbè kọkànlá tí ó ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀, Katniss fi òdòdó bo òkú rẹ̀ lójú gbogbo àwọn òǹwòran, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ni ó kú níbẹ̀. Ní ìparí, nígbà tí ó ku òun àti Peeta, ọmọkùnrin àgbègbè rẹ̀, tí ìjọba sì yẹ àdéhùn tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ pé àwọn méjèèjì lè yè, ó pín èso olóró sí ọwọ́ àwọn méjèèjì. Bí kò bá ní sí olúborí, ìdíje náà di òfo. Ìjọba ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rù. Kò sí ọfà nínú ìṣe méjèèjì yìí. Katniss kàn kọ̀ láti jẹ́ irú ènìyàn tí ìyà náà fẹ́ sọ ọ́ dà ni.

Ọdún 15 ṣáájú ìwé Collins ni Octavia E. Butler, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó dolóògbé ní 2006, ti tẹ Parable of the Sower jáde ní 1993. Kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ni ó kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni ó ń sọ ìtàn náà, nínú ìwé tí ó ń kọ ohun ojú rẹ̀ rí sí lójoojúmọ́. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà pé ọdún 15. Òjò ti wọ́n ní gúúsù Kalifọ́níà, omi wọ́n ju epo bẹntiróòlù lọ, iṣẹ́ kò sí, àwọn tí ó rí jẹ díẹ̀ sì mọ odi yí àdúgbò wọn ká.

Orúkọ ọmọbìnrin yìí yóò mú kí òǹkàwé Yorùbá dánu dúró: Lauren Oya Olamina ni. Butler ṣàlàyé nínú ìwé náà pé àwọn ẹbí Lauren gba orúkọ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ń ju orúkọ ìgbà ẹrú nù. Kì í ṣe àròsọ lásán ni èyí. Abúlé Ọ̀yọ́túnjí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970 jẹ́ èso ìgbà kan náà. Orúkọ Ọya sì bá ọmọ náà mu. Òrìṣà ẹ̀fúùfù líle àti ìjì ni Ọya, bí ó bá sì ti fẹ́ kọjá, ohun gbogbo kì í wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí Lauren dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni pé ìyípadà ni agbára tí ó ju gbogbo agbára lọ, àti pé ẹni tí ó bá gbọ́n yóò kọ́ bí a ti ń darí rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà àdúgbò Lauren ń fara dà á. Wọ́n ń retí pé ayé àtijọ́ yóò padà. Lauren kò retí rẹ̀. Ó ń ka ìwé nípa ewéko tí ènìyàn lè jẹ àti bí a ti ń tọ́jú ọgbẹ́, ó sì di ẹrù sínú àpò kan tí ó lè gbé sá lọ. Nígbà tí ó sọ èrò rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà tú u síta, bàbá rẹ̀ sì bá a wí pé ó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Ní 2027 inú ìtàn náà, àwọn oníjàgídíjàgan ya odi wọlé, wọ́n sì dáná sun àdúgbò náà. Lauren, tí ó ti di ọmọ ọdún 18, wọṣọ bí ọkùnrin, ó sì forí lé ọ̀nà àríwá pẹ̀lú ẹni méjì tí ó ṣẹ́kù. Bí wọ́n ti ń rìn ni wọ́n ń gba àwọn ẹlòmíràn mọ́ra. Butler tún fi àìlera kan sí i lára: bí Lauren bá rí ẹni tí ó ń jẹ̀rora, ara tirẹ̀ pẹ̀lú a máa jẹ̀rora náà. Nítorí náà, bí ó bá lu ẹlòmíràn láti gba ara rẹ̀ là, òun náà jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ó tipa báyìí hàn pé ìforítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn líle. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ jù lọ nínú ìwé náà ni ó ń darí àwọn yòókù.

Àwọn tí a ti mẹ́nu bà wọ̀nyí jìnnà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé tí orírun wọn jẹ́ Nàìjíríà ti mú irú akọni yìí wọ igbó tí òǹkàwé Yorùbá mọ̀ dáadáa. Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tẹ Zahrah the Windseeker jáde ní 2005. Ìwé náà sì gba Ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká fún Lítíréṣọ̀ ní Áfíríkà ní 2008. Dàda ni Zahrah, ewéko sì ń hù nínú irun rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìtìjú sì pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí oró dá Dari, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, dùbúlẹ̀ láìmọ ara mọ́, tí wọ́n sì sọ pé ẹyin ẹranko kan tí ó wà nínú igbó èèwọ̀ ni ó lè wò ó sàn, Zahrah nìkan ni ó wọ igbó náà lọ.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Nínú ìwé yìí, Dàda kò ní àbúrò kankan tí yóò bá a jà. Ẹni tí ó bá sì ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Olóògbé D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, yóò mọ igbó náà ní kété tí ó bá dé etí rẹ̀. Àkàrà-oògùn wọ igbó pẹ̀lú ìbọn àti oògùn. Àwọn ọdẹ tí wọ́n bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àwọn obìnrin wà nínú ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ìyá, aya tàbí iwin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbé ìrìn àjò náà lérí. Èyí kò dín iyì Fágúnwà kù, nítorí iṣẹ́ ọdẹ ni ó ń kọ nípa rẹ̀, ọkùnrin ni iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà fún àwọn tí ó ń kọ̀wé lónìí: bí ọmọbìnrin kan bá wọ Igbó Irúnmalẹ̀ láìní ìbọn, kí ni yóò fi borí? Ìdáhùn Zahrah ni pé ìmọ̀ àti ìfẹ́ ọ̀rẹ́ ni, àti agbára tí ó wà lára rẹ̀ tí ó ti ń tijú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ gbé ní Amẹ́ríkà, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́lé jù lọ. Children of Blood and Bone jáde ní 2018, ìwé kejì tẹ̀lé e ní 2019, ẹ̀kẹta sì dé ní 2024. Kì í ṣe ilé ni ó ti kọ́kọ́ mọ àwọn òrìṣà. Salvador ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú ti pa ẹ̀sìn àwọn baba wọn mọ́, ni ó ti rí àwòrán wọn nígbà tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, Zélie Adebola, jẹ́ ọmọ obìnrin kan tí ọba pa nítorí pé ó ní agbára àwọn òrìṣà. Ọya ni òrìṣà ìdílé ìyá náà. Àwọn ọmọ irú wọn ń san owó orí tí kì í tán, wọ́n sì ń gbọ́ èébú lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí Zélie lọ ta ẹja kí ó lè rí owó orí náà san ni ó pàdé Amari, ọmọ ọba tí ó ń sá kúrò láàfin. Bí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti orí gbèsè àti ẹja.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá láti Ìlọrin lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá kà níbẹ̀ pé abúlé apẹja orí omi òkun ni Ìlọrin. Ayé àròsọ ni, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó mú un ronú ni èdè. Nínú ìwé náà, ọfọ̀ nìkan ni wọ́n sọ ní Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Zélie fi ń ronú, òun ni ó fi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, òun ni ó sì fi ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí ó ń kọ̀wé fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Àmọ́ ọmọ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan lè wá gbà pé èdè ìyá òun wúlò fún ìpèdè awo, pé kò wúlò fún ìrònú.

Bí ó ti wù kí ó rí, gbogbo àwọn ìwé wọ̀nyí fi ẹnu kò lórí ohun kan: wọn kò purọ́ nípa ọgbẹ́. Àwọn èèyàn ọba fi ọ̀bẹ kọ ọ̀rọ̀ èébú sí Zélie lẹ́yìn, bàbá rẹ̀ sì kú kí ìwé kìn-ín-ní tó parí. Nínú Mockingjay, tí ó jáde ní 2010, bọ́ǹbù pa Prim, ẹni tí Katniss torí rẹ̀ fara wewu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, nígbà tí Katniss ti di ìyá ọlọ́mọ, àlá burúkú kò tíì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìtàn Mọ́remí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì. Mọ́remí jẹ́ kí àwọn ọ̀tá mú òun lẹ́rú kí ó lè mọ àṣírí wọn, ó sì gba Ifẹ̀ là, ṣùgbọ́n Olúorogbo ni ó fi san ẹ̀jẹ́. Àwọn tí ó ń ròyìn rẹ̀ kò yọ ẹkún rẹ̀ kúrò nínú ìtàn. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọbìnrin tí ó ti rí ìṣòro láyé rẹ̀, nítorí ìwé tí ó bá sọ fún un pé akọni kì í sunkún ń sọ fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn pé òun kì í ṣe akọni.

Àwọn olùkọ́ kan ń bẹ̀rù àwọn ìwé yìí. Wọ́n ní ìtàjẹ̀sílẹ̀ pọ̀ nínú wọn, àti pé ọmọ tí ó bá ń kà wọ́n lè di aláfojúdi. Ìbẹ̀rù náà kò ṣófo; ó yẹ kí olùkọ́ ka ìwé kí ó tó fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì mọ ọjọ́ orí tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìdí tí Katniss fi rú òfin, oúnjẹ ilé ni. Ìdí tí Lauren fi sọ ohun tí àgbà kò fẹ́ gbọ́ ni pé ó fẹ́ kí àgbà náà yè. Zahrah wọ igbó èèwọ̀ nítorí ọ̀rẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dìde nítorí pé ó fẹ́ jẹ́ olókìkí. Àfojúdi kọ́ ni èyí. Iṣẹ́ àgbà ni ó já lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn àgbà kò lè ṣe é mọ́.

Òtítọ́ ni pé gbogbo ìwé irú yìí kọ́ ni ó dára. Lẹ́yìn 2008, ọ̀pọ̀ ni ó jáde tí ó kàn fi idà lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, tí ó fi ọmọkùnrin méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa du ú, tí ó sì pè é ní akọni. Ọ̀nà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè dán irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Kí ó gba ohun ìjà àti idán lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, kí ó wá wo ohun tí ó kù. Bí a bá gba ọfà lọ́wọ́ Katniss, òdòdó tí ó fi bo Rue kù. Bí a bá gba àpò lọ́wọ́ Lauren, ìmọ̀ tí ó kó jọ àti àwọn tí ó gbà mọ́ra kù. Bí kò bá ku nǹkankan, idà ni akọni ìwé náà.

Nínú kíláàsì, ìbéèrè mẹ́ta lè tó láti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò. Ta ni ọmọbìnrin yìí ń gbé lẹ́rù, kí ìṣòro tó dé? Ojú ibo nínú ìtàn ni ó ti kúrò nínú ìfaradà, tí ó bọ́ sínú ìforítì? Kí ni ó pàdánù, ṣé òǹkọ̀wé sì jẹ́ kí a rí àdánù náà? Àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú yóò jàǹfààní níbẹ̀, nítorí àwọn náà ń gbọ́ láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún.

Lẹ́yìn ìjíròrò, kí olùkọ́ èdè Yorùbá fún wọn ní iṣẹ́ kan ṣe: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ewé méjì nípa ọmọbìnrin kan tí ó dé etí Igbó Irúnmalẹ̀ nítorí ẹni tí ó fẹ́ràn. Kí ó kọ ohun tí ọmọ náà dì sínú ẹrù rẹ̀, ẹni tí ó fi sílẹ̀ nílé, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, àti ohun tí ó sọ fún ara rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní Yorùbá, àti ọfọ̀, àti ìrònú, àti ẹkún.